Ta Ló Ni Mẹ́dàlì Yìí? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Kíkó Ohun Ìrántí Ogun Jọ

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yọ̀ǹda ọ̀sán yìí fún wa, mo kí yín. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín wọṣọ ogun rí, mo kí yín lọ́tọ̀, nítorí pé ọwọ́ yín ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa kíkó mẹ́dàlì, báàjì àti àwọn ohun ìrántí ogun jọ. Iṣẹ́ yìí kò tíì gbilẹ̀ láàárín wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń ṣe é pọ̀ débi pé ilé gbàǹjo wà tó jẹ́ pé mẹ́dàlì ni olórí ọjà wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá àgbà ni mẹ́dàlì máa ń wà títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún, tí ẹnì kan yóò gbé e sókè, tí yóò béèrè pé kí nìyí, tí kò ní sí ẹni tí yóò dá a lóhùn, tí ọmọdé yóò sì gbà á lọ fi ṣeré. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá kó mẹ́dàlì jọ, tí kò kó ìtàn ẹni tó ni ín mọ́ ọn, irin lásán ló kó jọ. Gbogbo àlàyé tí n óò ṣe nípa ojúlówó àti ayédèrú, nípa rìbọ́nù àti nípa owó, inú ọ̀rọ̀ yìí ló ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn mẹ́dàlì tó kan ilé wa gan-an. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott kó ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí pé àwọn Ìjẹ̀bú kò gbà kí ọ̀nà òwò ṣí sílẹ̀ gba ilẹ̀ wọn bí ìjọba Èkó ṣe fẹ́. Wọ́n pàdé ní Ìmàgbọ̀n ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ìbọn Maxim sì ṣe iṣẹ́ burúkú níbẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó jà níbẹ̀ ní mẹ́dàlì tí wọ́n ń pè ní Mẹ́dàlì Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tó dábùú rìbọ́nù rẹ̀, tí wọ́n kọ 1892 sí. Orúkọ Ìjẹ̀bú kò sí lára rẹ̀ rárá. Ọ̀pá kan náà ni wọ́n fún àwọn tó lọ jagun ní Gáḿbíà lọ́dún yẹn. Bí ẹ bá rí mẹ́dàlì yìí lọ́jà, ojú lásán kò lè sọ fún yín bóyá Ìmàgbọ̀n ni tàbí Gáḿbíà. Àfi kí ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ sí eteetí rẹ̀, kí ẹ sì wádìí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ẹni náà wà àti ibi tí ẹgbẹ́ náà wà ní oṣù karùn-ún ọdún náà.

Àwòrán tó wà lára mẹ́dàlì náà yẹ ní wíwò. Ní ojú kan, orí Ọbabìnrin Victoria ni, pẹ̀lú ìborùn. Ní ojú kejì, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà nínú igbó. Ogun Àṣáńtì ti 1873 sí 1874 ni wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán yìí fún, wọ́n kàn tún un lò fún gbogbo ogun tí wọ́n gbé kiri ilẹ̀ wa lẹ́yìn ìgbà náà, bíi pé igbó kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Fàdákà ni wọ́n fi rọ ti sójà. Wọ́n rọ ti bàbà fún àwọn aláàárù tó ru ẹrù wọn. Ẹni tó bá ní ti bàbà lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má rò pé èyí tí kò níye lórí ni òun gbà. Lójú tèmi, òun gan-an ni kí a máa wá, nítorí pé ìwé ìtàn kì í sábà dárúkọ aláàárù.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ní ọmọ ogun tirẹ̀, gbógun lọ bá Bídà, tó sì ti ibẹ̀ lọ bá Ìlọrin ní oṣù kejì ọdún 1897, mẹ́dàlì yìí kan náà ni wọ́n pín, ọ̀pá tirẹ̀ sì ka Niger 1897. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń mú mi ronú jù lọ ni ti ọdún 1918. Mẹ́dàlì mìíràn ló wà nígbà náà, Mẹ́dàlì Iṣẹ́ Ogun ní Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902, tí rìbọ́nù rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tí etí rẹ̀ méjèèjì dúdú, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì aláwọ̀ ewé sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí tuntun àti iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi túláàsì mú wọn ṣe, tí wọ́n ń hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, tí ó di ogun tí a ń pè ní Ogun Àdùbí, ìjọba kó àwọn sójà Nàìjíríà lọ bá wọn, tí àwọn tí kò tíì pẹ́ dé láti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn. Ọ̀pá tí wọ́n fún wọn ka Nigeria 1918, ọjọ́ tó sì kà fún un bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà títí dé ọjọ́ 31 oṣù keje. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan lè so mẹ́dàlì yìí mọ́ àyà lọ síbi àríyá, kó sì jẹ́ pé ọmọ ẹni tó pa ní ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta ló ń gbé àga fún un.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí ọmọ Yorùbá yóò máa náwó sórí ohun tí wọ́n fi yẹ́ ẹni tó ṣẹ́gun ìlú rẹ̀ sí. Èsì mi ni pé ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun kì í ní ìwé orúkọ àwọn tó wá jà á. Eteetí mẹ́dàlì ló ní in. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú dúrọ́ọ̀ àwọn àjòjì ní Lọ́ńdọ́nù, àwọn ni yóò máa sọ ìtàn Ìmàgbọ̀n àti ti Àdùbí bó ṣe wù wọ́n. Àwọn jagunjagun tiwa, irú Ògúnmọ́lá, Látòósà àti Ògèdèǹgbé, kò gba mẹ́dàlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oyè ni wọ́n jẹ, oríkì sì ni àwọn onírárà fi ń pè wọ́n. Oríkì kì í ṣí lọ́rùn aṣọ, olè kì í sì í jí i, ṣùgbọ́n ó ń kú bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kú, mẹ́dàlì a sì máa wà níbẹ̀, kò ní lè sọ̀rọ̀.

Ogun àgbáyé kìíní, tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Kéésà, ni ìgbà tó rọrùn jù lọ fún ẹni tó ń ṣèwádìí. Mẹ́dàlì ogun tí wọ́n fi fàdákà rọ, tí ó fẹ̀ tó mílímítà 36, àti Mẹ́dàlì Ìṣẹ́gun oníbàbà tí obìnrin abìyẹ́ wà lára rẹ̀, ní orúkọ lára: nọ́ńbà sójà, ipò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń gé kúrú sí NIG. R. fún àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó gbà á wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, lábẹ́ àmì WO 329; ti àwọn ogun tó ṣáájú rẹ̀ wà lábẹ́ WO 100. Wàhálà ibẹ̀ ni pé akọ̀wé tó ń gba orúkọ àwọn sójà wa sílẹ̀ kì í béèrè orúkọ bàbá. Orúkọ àmútọ̀runwá tàbí ti ìsìn ni yóò kọ, yóò sì fi orúkọ ìlú tì í. Sule tó ti Ìlọrin wá di Sule Ilorin, Ojo tó ti Ìbàdàn wá di Ojo Ibadan. Bí Sule méjì bá wọlé lọ́jọ́ kan náà láti ìlú kan náà, nọ́ńbà nìkan ló yà wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹbí fi lè wá orúkọ bàbá wọn àgbà nínú ìwé ní Kew títí, kí wọ́n má rí i, tó sì jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ lórúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé kò pè é rí. Ẹni tó bá ń ra mẹ́dàlì ogun Kéésà, nọ́ńbà ni kó kọ́kọ́ dà kọ sínú ìwé rẹ̀, kó tó kọ orúkọ.

Nígbà tí a bá dé orí ogun Hitler, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1943. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Índíà lọ́dún náà, wọ́n sì wọ àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà. Ẹgbẹ́ kejìlélọ́gọ́rin tẹ̀ lé wọn. Báàjì apá ẹgbẹ́ ti ìṣáájú jẹ́ aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè, Ananse inú àlọ́ àwọn Akan, tí ó ń borí àwọn ẹranko tó tóbi jù ú lọ. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò lára aṣọ, wọ́n ní kí ó lè dà bí ẹni pé ó ń rìn lọ síwájú nígbà tí sójà bá gbé ìbọn sójú. Ti ẹgbẹ́ kejì jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn pẹ̀lú òṣùká aláàárù. Mo fẹ́ràn báàjì kejì yìí ju ti aláǹtakùn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti aláǹtakùn ni gbogbo ayé ń wá, nítorí pé òṣùká yẹn sọ òótọ́ ogun Bọ́mà: níbi tí mọ́tò kò lè dé, orí èèyàn ni ọta ìbọn àti oúnjẹ ń gbà lọ.

Sójà tó lọ sí Bọ́mà tó sì bọ̀ sábà máa ń lẹ́tọ̀ọ́ sí mẹ́rin. Èkínní ni ìràwọ̀ ogun 1939 sí 1945, tí rìbọ́nù rẹ̀ pín sí búlúù dúdú, pupa àti búlúù tó mọ́, fún ọmọ ogun ojú omi, ti orí ilẹ̀ àti ti ojú òfuurufú. Èkejì ni Ìràwọ̀ Bọ́mà, rìbọ́nù búlúù dúdú tí pupa gbòòrò wà láàárín rẹ̀, tí ilà aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni Mẹ́dàlì Ààbò, lẹ́yìn rẹ̀ ni Mẹ́dàlì Ogun tí kìnnìún dúró lórí ẹ̀yìn dírágónì olórí méjì. Bí wọ́n ṣe ń tò lé ara wọn láyà nìyẹn, ẹni tó bá sì rí i tí wọ́n dà á rú nínú férémù yẹ kó fura pé ẹlòmíràn ló tò ó.

Àmọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára àwọn mẹ́rin yìí. Gúúsù Áfíríkà kọ ọ́ fún àwọn ọmọ ogun tiwọn, Ọsirélíà náà kọ ọ́. Ti àwọn ọmọ ogun wa kò ní. Ìràwọ̀ Bọ́mà tó wà ní Ọ̀wọ̀ àti èyí tó wà ní Liverpool kò yàtọ̀ síra. Ẹ wo Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ọta ìbọn fọ́ lẹ́sẹ̀ létí odò Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944, tí àwọn ará abúlé kan gbé òun àti ọmọ Sàró kan pamọ́ sínú ilé wọn títí di oṣù kejìlá, lábẹ́ imú àwọn ará Japan. Ó bọ̀ wálé, ó pẹ́ láyé, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú ní 2012. Ìràwọ̀ tó tọ́ sí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ àti èyí tó tọ́ sí akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn ojú ogun ní Assam ní Índíà, orí irin kan náà ni wọ́n ti gé wọn. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sórí tábìlì kan, tí ẹ pa ojú dé, tí ẹ gbé wọn síra, ó tán, kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè yà wọ́n mọ́.

Nítorí náà, fún ogun Hitler, ìwé ni mẹ́dàlì. Mo ń sọ nípa ìwé ìtúsílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìwé owó oṣù sójà, lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sílé, fọ́tò tó yà ní Índíà pẹ̀lú ilé fọ́tò tó fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀yìn rẹ̀, àti ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe bí ẹnì kan bá gbé ìràwọ̀ wá bá mi láti tà ni pé mo kọ́kọ́ béèrè ìwé. Bí ìwé bá wà, mo lè san ìlọ́po owó tí mo fẹ́ san. Bí ìwé kò bá sí, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ ẹni tó ni ín ló wà níwájú mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó má tà á, kó lọ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kó kọ ohun tó bá rántí. Ó yẹ kí n fi kún un pé ọ̀pọ̀ sójà kò rí mẹ́dàlì tirẹ̀ gbà rárá, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fúnra wọn kọ̀wé béèrè. Ilé-iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gba ìwé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí títí di òní.

Ọ̀tọ̀ ni mẹ́dàlì akínkanjú. Orúkọ wà lára ìyẹn. Fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa, mẹ́dàlì pàtàkì kan wà fún ìwà akin lójú ogun, tí wọ́n kọ West African Frontier Force sí lára, tí wọ́n ń fúnni títí di 1942. Ó ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga. Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ akínkanjú, n kò mọ ẹni tí ìtàn rẹ̀ kọjá ti Chari Maigumeri, ọmọ ilẹ̀ Bọ̀rnó. Ọmọ ogun Jámánì ni ní Kamẹrúùnù nígbà tí ogun Kéésà bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Jámánì sì fún un ní Àgbélébùú Irin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un ní ìgbèkùn, ó di ọmọ ogun Nàìjíríà, ó jà fún wọn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó di ọ̀gá pátápátá láàárín àwọn sójà dúdú, nígbà tó sì dé Bọ́mà ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ti Jámánì, ó gba Military Medal lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí alágbàtà tí yóò rí Àgbélébùú Irin àti Military Medal nínú àpò kan náà tí kò ní yà wọ́n, kó ta tibí fún ẹni tó ń kó ti Jámánì, kó ta tọ̀hún fún ẹni tó ń kó ti Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pa ọkùnrin náà rẹ́.

Ní ìhà ibi tí Faransé jọba lé, ọ̀ràn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Faransé dá mẹ́dàlì sílẹ̀ ní 1892 fún ogun tí wọ́n gbé lọ bá Dàhómì, rìbọ́nù rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú ilà aláwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ Yorùbá Kétu àti Pọ́bẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n wá kó lọ ja ogun àgbáyé lábẹ́ àsíá Faransé. Àgbélébùú Ogun tí wọ́n ń fúnni láti 1915 ní imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ìràwọ̀ kékeré lórí rìbọ́nù: imọ̀ ọ̀pẹ ni ti ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú ìròyìn gbogbo ọmọ ogun, ìràwọ̀ sì ni ti ìpele tó kéré sí i. Kò sí orúkọ lára òun náà. Ẹ wá ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ayédèrú, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín wá gbọ́ nìyẹn.

Ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń mú ṣánṣán. Èyí tí wọ́n dà sínú ẹrẹ̀ tàbí róbà máa ń rọ̀ lójú. Ẹ gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà àti igun adé ọba: bí ihò wínníwínní bá wà níbẹ̀ bíi ti ara búrẹ́dì, dídà ni wọ́n dà á. Ohun tí wọ́n dà látara ojúlówó sábà máa ń fi díẹ̀ kéré sí i, nítorí pé irin máa ń sún kì bó bá ń tutù, nítorí náà ẹ ra irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì mọ ìwọ̀n ojúlówó lórí. Bí mẹ́dàlì olórúkọ bá fẹ̀ dín ní ìwọ̀n rẹ̀, tàbí tí eteetí rẹ̀ dọ́gbọ́n wọnú níbi tí orúkọ wà, ẹnì kan ti fi ayùn irin ha orúkọ àkọ́kọ́ kúrò láti fi orúkọ akínkanjú sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì alára ló ń ṣe èyí jù. Àgbélébùú Irin ti Jámánì, ní tirẹ̀, sábà máa ń jẹ́ irin dúdú nínú férémù fàdákà tí wọ́n jó pọ̀. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá lẹ̀, ẹ ní sùúrù kí ẹ tó sanwó.

Báàjì fìlà ló ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ jù lọ, nítorí pé àwọn kan rí irin ìtẹ̀ àtijọ́ rà, wọ́n sì tún ń tẹ̀ ẹ́ lónìí. Iwájú rẹ̀ yóò rí bíi ti ojúlówó nítorí pé láti ara irin kan náà ló ti wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò: bí wọ́n ṣe jó etí tí a fi ń so ó mọ́ fìlà, bóyá ibi tí ọ̀pọ̀ ọdún ti fi ara gbo aṣọ ti dán, bóyá brásò tó gbẹ sínú kọ̀rọ̀ ti di funfun. Báàjì ọ̀pẹ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n fún ní orúkọ ti ọba ní 1928, wà nínú àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ yí sẹ́yìn wò dáadáa. Ní ti rìbọ́nù àti báàjì aṣọ, ẹ lo iná tí wọ́n fi ń wo owó ayédèrú ní báǹkì. Òwú ìgbà ogun kì í tàn lábẹ́ rẹ̀. Òwú òde òní, tí wọ́n fi èròjà tó ń mú nǹkan funfun sí, máa ń tàn yòò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iná nìkan dájọ́, nítorí pé ọṣẹ ìfọṣọ òde òní lè mú òwú àtijọ́ náà tàn bí ẹnì kan bá ti fọ̀ ọ́.

Ìtọ́jú kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi brásò dán an. Dídán tí sójà fúnra rẹ̀ dán an jẹ́ ara ìtàn rẹ̀. Tiyín kì í ṣe. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn, nítorí pé ọ̀rá bẹ́ẹ̀ máa ń lagùn, a sì máa sọ bàbà di aláwọ̀ ewé. Ojú ọjọ́ wa ní ọ̀rinrin, ẹ wá àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sínú àpótí náà. Kàfúrà wúlò fún kòkòrò tó ń jẹ rìbọ́nù, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fara kan an.

Ọjà wá ńkọ́? Òtítọ́ ibẹ̀ korò díẹ̀. Àwọn alágbàtà kan ń wọ ilé àwọn opó sójà, wọ́n ń ra mẹ́dàlì, wọ́n á sì ní kí wọ́n da ìwé nù nítorí pé ìwé gba àyè. N kò lòdì sí ríra àti títà. Ẹbí tí ebi ń pa ní ẹ̀tọ́ láti ta ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí olùrà mọ iye rẹ̀ kí olùtà má sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó sọ iye tí irú rẹ̀ ń lọ ní gbàǹjo fún olùtà ná, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ná an.

Òfin náà wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún àwọn ológun wọn. Jámánì kò gbà kí wọ́n fi àmì ẹgbẹ́ Hitler hàn ní gbangba, àyàfi fún ẹ̀kọ́, ìwádìí àti irú bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ aṣọ ológun, nítorí náà ẹni tó bá ra yúnífọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ gbé e sọ́rùn lọ sóde nítorí pé ó fẹ́ ya fọ́tò. Ìwé àṣẹ àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó lè jáde kúrò nílùú. Ní ti bọ́ǹbù tàbí ọta ìbọn tí ẹ bá hú lóko, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹni tó ń kó nǹkan jọ gbọ́dọ̀ wà láàyè láti kó o jọ. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun ìjà ogun abẹ́lé, ẹ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní 1985.

Kì í ṣe gbogbo ohun ìrántí ogun ló jìnnà sí wa. Àwọn sójà Nàìjíríà lọ sí Kóńgò láti 1960, wọ́n lọ sí Lẹ́bánónì ní 1978, lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Mẹ́dàlì àjọ náà ní àmì àjọ lójú kan, ní ojú kejì gbólóhùn tó sọ pé iṣẹ́ àlàáfíà ni. Rìbọ́nù ló ń sọ orílẹ̀-èdè tí sójà ti ṣiṣẹ́. Bí rìbọ́nù bá bọ́, tí ẹnì kan sì fi èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ rọ́pò rẹ̀, sójà Kóńgò ti di sójà Lẹ́bánónì. Àwọn tó gba irú mẹ́dàlì bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè ní àdúgbò yín. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe mọ́ fún àwọn ará Ìmàgbọ̀n. Báàjì ìrántí tí wọ́n ń tà kí ọjọ́ 15 oṣù kìíní tó pé lọ́dọọdún, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, a máa ń yọ ọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó bá ń pa ẹyọ kan mọ́ lọ́dọọdún, tí ó kọ ọdún rẹ̀ sí i lẹ́yìn, kò ná owó gidi, ohun tó sì kó jọ yóò wúlò fún òpìtàn lọ́la.

Ìwé tí mo ń kọ fún ohun kọ̀ọ̀kan tí mo bá rà kò gùn. Mo ń kọ ohun tí ó jẹ́, ohun tí wọ́n fi rọ ọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀. Mo ń da ohun tó wà lára rẹ̀ kọ lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú àṣìṣe tó bá wà nínú rẹ̀. Mo ń kọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi, àti ohun tí onítọ̀hún sọ, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, láì tún un ṣe. Níbi tí ìtàn ẹbí bá ti tako ìwé ìjọba, mo ń kọ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹbí bá sì ní kí n má kọ ohun kan, n kì í kọ ọ́, nítorí pé àwọn mìíràn jagun tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn mọ ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi dúró níbí. Ẹni tó bá gbé mẹ́dàlì dání wá, kó gbé e wá sórí tábìlì iwájú yìí ká jọ wo eteetí rẹ̀, kí ẹ̀yin tó ní ìbéèrè sì máa bọ̀ lẹ́yìn.